Ojú Ológbò Ìyá Ẹlẹ́rọ

Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn bí ọmọ tó jókòó lábẹ́ òṣùpá. Èyí tí mo fẹ́ sọ, ojú mi ló ṣe, ní Ìgándò, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé Bàbá Olúbọ̀dé tí a jọ ń gbé. Àlọ́ tí ìyá mi pa fún mi kò níye, ìjàpá ló sì ń jalè nínú gbogbo wọn. Ìjàpá jí iṣu, ìjàpá dalẹ̀ àna rẹ̀, ìjàpá jẹ oúnjẹ gbogbo ẹyẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, n kò tíì rí ilé kan tí wọ́n ti lé ìjàpá jáde. Ológbò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, òun ni wọ́n ní kó máa lọ. Nítorí kí ni? Nítorí pé ó ń wo olówó rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ jàre.

Susanna ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún olówó ológbò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ìkàrẹ́. Ní àdúgbò wa, Ìyá Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ata àti ẹ̀wà ló ń bá wa lọ. Àwa tí a bá a gbélé ń pè é ní Ìyá Títí. Obìnrin gíga ni, apá rẹ̀ yi bí ọmọ odó. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Títí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣì ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ní Ìkàrẹ́ níbẹ̀, àwọn ará ọkọ ní kó fẹ́ àbúrò ọkọ. Ó ní òun ò fẹ́. Wọ́n ní nígbà náà, kó fi ẹ̀rọ ìlọta tí ọkọ rẹ̀ rà sílẹ̀ fún ìdílé. Ó ní kí wọ́n wá gbé e. Nígbà tí wọ́n dé, ó gun orí ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó gbé ọmọ lé itan, kò sì dìde. Wọ́n bú u, kò dìde. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Bí wọ́n ṣe padà sílé nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn ló gbé wá sí Ìgándò, òun ló fi rán Títí níwèé títí ọmọ náà fi di tíṣà, tó sì relé ọkọ ní Gowon Estate.

Abẹ́ páànù kan níwájú ilé Bàbá Olúbọ̀dé ni ẹ̀rọ náà wà. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Bí Ìyá Títí bá ti yí irin rẹ̀ tó sì dáhùn, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, èéfín dúdú á bo páànù, ohùn ènìyàn á sì parí síbẹ̀. O lè lanu títí dé ẹ̀yìn ọrùn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Nítorí náà, ojú la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí o bá gbé ata wá, wàá dúró, wàá máa wo Ìyá Títí lójú. Nígbà tó bá kàn ọ́, òun náà á wò ọ́, á gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀: báwo lo ṣe fẹ́ ẹ? Bí o bá fi àtàǹpàkò ra ìka, o fẹ́ kó kúnná nìyẹn. Bí o bá la àtẹ́lẹwọ́, kó kàn fọ́ ọ. Èmi tí mo ń din àkàrà, bó bá ti wò mí, mo kàn máa ń fọwọ́ kan ẹ̀yinjú mi ni, ìyẹn ni pé kó fi omi ṣan ẹ̀rọ dáadáa kó tó da ẹ̀wà mi sí i, kí ata ẹlòmíràn má baà wọ inú rẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ nílé kì í wo àgbà lójú. Ọmọ tí wọ́n bá wá kọ́ yé, tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó doríkodò, ó gbé! Kò ní rí i nígbà tí wọ́n bá ń bi í, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì kọjá rẹ̀. Tòún, ọmọ-ọmọ mi, dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ kan títí ẹ̀wà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo ní, "Bí o bá tún ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ, fi ẹ̀kọ́ ilé sílé, kí o la ojú rẹ mọ́ ọn."

Èkúté ló fa ọ̀rọ̀ ológbò. Wọ́n ń jẹ àgbàdo tí àwọn ènìyàn gbé kalẹ̀ fún ọ̀gì, ìyẹn ò sì dun Ìyá Títí tó bí wọ́n ṣe ń gé bẹ́líìtì ẹ̀rọ jẹ. Ni oníbàárà kan láti Ìkọ̀tún bá gbé ọmọ ológbò kan wá fún un nínú apẹ̀rẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, ó ní funfun lọ́rùn bíi kọ́là àlùfáà. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ló ti dàgbà. Kò pẹ́ tí èkúté fi gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀. Ojú oorun ológbò, ikú eku.

Nǹkan kan ló wà nípa rẹ̀ ṣá. Kì í ké sí Ìyá Títí. Á kàn wá, á jókòó síwájú rẹ̀, á ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀, á sì gbé ojú lé e láìṣẹ́jú. Bí Ìyá Títí bá ń jẹun, ó ń wò ó. Bó bá ń di irun, ó ń wò ó. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, ológbò á gun àpótí aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á máa wò ó títí á fi jí.

"Màmá, kí ló ń wò lára mi?" Ìyá Títí bi mí.

"Ẹran inú ọbẹ̀ rẹ ni."

"Mo ti jẹ ẹ́ tán o."

"Ó ń wo ibi tó gbà lọ."

A rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé àwọn kan wà tí kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ọláídé, ọmọ Èkìtì, ni yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Ìyá Títí. Ènìyàn rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá se ọbẹ̀, gbogbo ilé ló máa tọ́ ọ wò. Ó sì fẹ́ràn àdúrà. Ṣùgbọ́n o ò lè fi ìkíni ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá kí ọ tí o ò dáhùn, o ti ṣẹ ìran rẹ̀ láti Adó títí dé Ìjerò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Títí ń gbálẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Títí."

Ìyá Títí ń gbálẹ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà o!"

Ìgbálẹ̀ ń dún, fìn-ín, fìn-ín. Ológbò nìkan ló yíjú padà. Ó wo Ìyá Ọláídé, ó wo Ìyá Títí, ó tún wo Ìyá Ọláídé.

"Jésù!" Ìyá Ọláídé gbá àyà mú. "Ológbò gbọ́, ẹni tí mo kí ò gbọ́!"

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ojú ni ológbò náà fi ń mu Ìyá Títí bí ẹni ń mu ọsàn, pé ó ti mu ún dé èèpo. Wọ́n ní ṣé a ò rí i pé obìnrin náà kì í jẹ́ ìpè mọ́? Pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ òkú, á máa rẹ́rìn-ín? Pé bí a bá pè é lẹ́yìn, á máa lọ bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fà? Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé wọn kò kórìíra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń bá ọ jà, o lè bá a jà padà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ ńkọ́?

Èmi ni mo lọ dúró níwájú Ìyá Títí tí mo sọ ohun tí wọ́n ń wí fún un. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ ológbò lórúkọ. Ẹ mọ bí a ti ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ yìí, kí ọ̀rọ̀ lè kan aládùúgbò lára láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Kílókànyín. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́:

"Kílókànyín! Kílókànyín o! Wá jẹun!"

Bàbá Olúbọ̀dé, onílé wa, tó ń rin pákò lẹ́nu ọ̀nà, á dáwọ́ dúró.

"Àbí èmi ni obìnrin yìí ń bá wí?"

"Ológbò ni, Bàbá," ni mo máa wí.

"Ológbò kẹ̀? Èwo ni kí ológbò máa bú mi nínú ilé tí mo kọ́?"

Ìyá Ọláídé wọkọ̀ lọ bá Títí ní Gowon Estate. Títí dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, báàgì ilé ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ lábẹ́ páànù.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí wọ́n gbé kí ni lọ?"

"Ológbò yìí."

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, láti ìgbà tó ti ń wò yín. Èmi fúnra mi, mo pè yín láti ojú títì báyìí, ẹ ò dáhùn."

"Ẹ̀rọ ló ń pariwo."

"Màámi," Títí ní, "ẹ ti pa ẹ̀rọ nígbà yẹn."

Ìyá Títí gbé ojú kúrò lójú ọmọ rẹ̀. Ó fa aṣọ ìnuwọ́ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá Olúbọ̀dé pè é síta. "Ìyá Títí, n ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ilé mi ni, páànù mi ni. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ará ilé á jókòó. Yálà ológbò yẹn lọ, tàbí kí o gbé ẹ̀rọ rẹ kúrò níwájú ilé mi." Ìyá Títí wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá," ó sì wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, mo ń bó ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo kó orí ẹja díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ni mo bá gbọ́ "ńyáò". Mo bojú wẹ̀yìn. Kílókànyín ni. Ó tún ké, ó ké gooro bí ọmọ tuntun tí ọmú bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ju orí ẹja kan sí i. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni ọkàn mi ń sọ pé: ohùn yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Ológbò yìí ń ké sí mi. Ó ń ké sí Tòún. Kò sẹ́ni tí kì í ké sí nínú ilé yìí àfi ẹnì kan.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà jáde wá, ó fẹ́ sá aṣọ. Kílókànyín fi orí ẹja sílẹ̀, ó sáré lọ síwájú rẹ̀, ó jókòó, ó pa ẹnu dé, ó sì gbé ojú lé e.

Mo dìde. Mo lọ dúró lẹ́yìn Ìyá Títí. Mo pè é jẹ́jẹ́. Mo pè é kíkan. Mo pàtẹ́wọ́ gbàá! Ó ń fún aṣọ rẹ̀ lọ. Mo wá rántí ìgbà tí ológbò náà ṣì kéré, bó ṣe máa ń dúró lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ, tí á la ẹnu títí a ó fi rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí a kò ní gbọ́ nǹkan kan, tí a ó sì máa fi rẹ́rìn-ín. Mo yípo, mo bọ́ síwájú rẹ̀.

"Ìyá Títí, ológbò rẹ ń ké."

Ó wo ẹnu mi. "Ó ń kí ni?"

"Ó ń ké. Lójoojúmọ́ ni."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mo ń bá a ṣe. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ilẹ̀ ń fà mu.

"Màmá, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo rò pé odi ni."

"Ìwọ gan-an ló ké sí jù. Ó ké títí ó sú u. Ó rí i pé bí òun bá ké, wàá kọjá lára òun. Bí òun bá wò ọ́, wàá dá òun lóhùn. Ló bá gbé ohùn tì, ó mú ojú."

Ó jókòó sórí odó tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. "Mo ti mọ̀ pé etí mi ń lọ," ó ní. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló máa gbé ata fún adití? Wọ́n á ní bí irin bá já nínú ẹ̀rọ, mi ò ní gbọ́. Wọ́n á ní màá lọ ìka ọmọ wọn mọ́ ẹ̀wà."

"Bí o ò bá sì sọ, wọ́n á lé ológbò."

Ó bojú wolẹ̀, ológbò gbójú sókè, wọ́n ń wo ara wọn.

"Òun ló kọ́kọ́ mọ̀," ó ní. "Ṣáájú ọmọ tí mo bí."

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, wọ́n to bẹ́ǹṣì síwájú ilé. Bàbá Olúbọ̀dé wọ dàńṣíkí funfun, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Títí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbójú sókè. Ìyá Ọláídé gbàdúrà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Bí a ti ṣe "àmín" ni Bàbá wú ikọ́.

"Ìyá Títí, èwo lo mú? Ológbò àbí ẹ̀rọ?"

Ìyá Títí dìde. Ó so ìró rẹ̀ le, ó wọ abẹ́ páànù, ó fi irin sí ẹ̀rọ, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ bú jáde! Ilẹ̀ mì. Ìyá Ọláídé fò sókè. Bàbá Olúbọ̀dé lanu, ó ń sọ̀rọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn, a kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀, a kò gbọ́. Ó kọjú sí mi, ó ń bi mí ní nǹkan, mo gbé èjìká sókè. Gbogbo wọn ló ń pariwo, ẹnu lásán la rí.

Ìyá Títí jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Àwọn ẹnu náà ń padé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹnu kò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé sún mọ́ abẹ́ páànù, wọ́n ranjú mọ́ obìnrin náà, wọ́n ń dúró kó yíjú sí wọn. Bàbá Olúbọ̀dé ranjú mọ́ ọn. Ìyá Ọláídé lọ dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kò ṣẹ́jú. Kílókànyín náà dé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ọláídé, ó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀, ó bá wọn wò. Tòún ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ nìkan là ń rí.

Ìyá Títí pa ẹ̀rọ.

"Kí lẹ̀ ń wò mí fún?" ó ní.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

"Ìyá Ọláídé, ìwọ lo sún mọ́ mi jù. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi lo fẹ́ fi ojú mu ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Torí pé ẹ ò gbọ́ wa ni a ṣe ń wò yín!"

"Ó tán," Ìyá Títí ní. "Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Etí mi ti lọ. Ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́. Ariwo tí ẹ kò lè fara dà lẹ́ẹ̀kan yìí, èmi ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí Títí ti wà lẹ́yìn mi, bí mo bá sì pa ẹ̀rọ, kì í kú nínú orí mi. Ẹni tó bá kí mi lẹ́yìn tí mi ò dáhùn, mi ò gbéra ga sí i, kò sì sẹ́ni tó dì mí. Mi ò gbọ́ ọ ni. Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn ń gbààwẹ̀. Ológbò yìí, láàárín gbogbo yín, òun nìkan ló wá síwájú mi láti wo ohun tó ń ṣe mí. Kò ní lọ síbì kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí adití bá òun lọ ata, bọ́ọ̀sì ń lọ sí Ìkọ̀tún, ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Bàbá, ní ti páànù yín, bí ẹ bá ní ẹ̀rọ yìí máa kúrò, ẹ wá gbé e. Ẹ bi Màmá bí wọ́n ṣe gbé e ní Ìkàrẹ́."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀, ó gun orí ẹ̀rọ, gbígbóná tó gbóná, ó fi aṣọ ìnuwọ́ tẹ́ ìdí, ó sì jókòó.

Títí bú sẹ́kún. Bàbá Olúbọ̀dé wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ni yóò dáhùn.

"Ta ló ní kó gbé ẹ̀rọ?" ó ní.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni mo wí.

"Ẹ̀yin àgbà obìnrin yìí, ẹ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Ó dáa. Kí ológbò náà má ti wọ yàrá mi."

"Èkúté yàrá yín ńkọ́?"

Ó ronú sí i. "Kó máa wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án," ó ní.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn. Àwọn oníbàárà kan lọ lóòótọ́. Àwọn kan ṣì ń na ìka sí ológbò náà títí di òní, wọ́n ní ẹyẹ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa nà án. Èmi ti mọ̀ pé bí ológbò bá ń wo olówó rẹ̀, ó ní ohun tó ti wí tẹ́lẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò dáhùn.

Ìyá Ọláídé náà kò wá fún ìgbà díẹ̀, ojú ń tì í. Nígbà tó dé, ó gbé abọ́ ata lọ́wọ́, ó dúró síwájú Ìyá Títí, ó wò ó lójú, ó rọra la ẹnu kó lè rí i kà:

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀ o, Ìyá Ọláídé," Ìyá Títí ní. "Káàárọ̀ ti àná. Káàárọ̀ ti ìjẹta. Káàárọ̀ ti ọjọ́ ìgbálẹ̀ yẹn. Ṣé ó tún ku ẹyọ kan?"

Ìyá Ọláídé rẹ́rìn-ín, ó fi àtàǹpàkò ra ìka.

Títí náà kì í pe ìyá rẹ̀ láti ojú títì mọ́. Bó bá ti Gowon Estate dé, á wọ abẹ́ páànù, á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tíṣà lọ́rùn, ní ẹ̀gbẹ́ Kílókànyín, á sì máa wò ó. Àwọn méjèèjì á jọ máa wò ó títí yóò fi gbé orí sókè.

"Ẹ̀yin méjì yìí," á ní, "ebi ló ń pa yín, àbí kí ni?"